Ìbọn Tí Wọ́n Ní Kò Sí Nǹkan Nínú Rẹ̀

Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni mo ṣe dàgbà, ìbọn títúnṣe sì ni mo yàn láàyò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìtàn ìbọn èèṣì tí mo ti gbọ́ kò lóǹkà. Ọkùnrin kan ń nu ìbọn rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó ró. Òmíràn gbé tirẹ̀ ti igi kó lè mu omi, ó yọ̀ ṣubú, ó ró. Ọdẹ méjì ń tọ ara wọn lẹ́yìn nínú igbó, ìtàkùn kọ́ ibi tí a ń fà lára ìbọn ẹni ẹ̀yìn, ẹni iwájú ṣubú. Kò sẹ́ni tó bínú sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo wọn. Bí o bá sì bi wọ́n pé báwo ló ṣe jẹ́, gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa sọ fún ọ: a rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi ló sì ti wá. Abẹ́òkúta ló ti ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò Òwu, nígbà tí mo ṣì jẹ́ àlejò níbẹ̀.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ ìjọba Faransé. Nígbà tí ogun ńlá àwọn òyìnbó parí, wọ́n kéde fún wa pé iṣẹ́ àfipáṣe ti dópin, pé wọn kò ní í mú ẹnikẹ́ni lọ la títì mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ olóyè wa kò gbọ́ ìkéde náà, tàbí kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n mú mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo sá lójú ọ̀nà, orúkọ mi sì wà nínú ìwé wọn láti ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá lé mi padà sí Kétu, ẹ̀wọ̀n ló lé mi sí. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí, nítorí òun ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ yìí, àní nígbà tí mo bá ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi náà, alágbẹ̀dẹ ni. Kò sunkún nígbà tí mo ń lọ. Ó fún mi ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ju ìbọn ṣakabùlà lọ, ó ní kí n má fi ọwọ́ kan ìbọn ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Wàá gbé ọ̀pá náà lé ara ìbọn lóde, láti ẹnu rẹ̀ títí dé ihò tí iná ń gbà wọlé ní ìdí, wàá sì fi àtàǹpàkò di ọ̀pá mú níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà, wàá ti ọ̀pá bọ inú ìbọn. Bí àtàǹpàkò rẹ bá kan ẹnu ìbọn, òfìfo ni. Bí kò bá kàn án, nǹkan wà nísàlẹ̀. Kò gba àkókò tó èyí tí ènìyàn fi ń fun ikun imú. Ní Kétu, ẹni tó ni ìbọn fúnra rẹ̀ ló máa di ìdí rẹ̀ mú fún ọ nígbà tí o bá ń wọ̀n ọ́n. Bí o kò bá wọ̀n ọ́n, á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn.

Ọ̀gá tó gbà mí sí iṣẹ́ ní Òwu, Bàbá Risi ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí Risi, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Mùsùlùmí ni, èèyàn kúkurú tó máa ń bá irin sọ̀rọ̀ bó bá ń lù ú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Risi, ń pa aṣọ láró ní àgbàlá kan náà, tó fi jẹ́ pé omi aró rẹ̀ máa ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ wa, gbogbo àwa tí a ń wọlé tí a ń jáde sì ní aró lẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, olórí ẹbí ọ̀gá mi, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àgbà, gbé ìbọn rẹ̀ wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Mo kí i, mo gba ìbọn, mo fa ọ̀pá mi yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀. Bàbá Risi fi òòlù sílẹ̀.

"Kí ni ọmọ yìí ń wá níbẹ̀?" Bàbá Àgbà bi ọ̀gá mi. "Àbí òpùrọ́ ló ń pè mí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ará Faransé ni. Kò tíì mojú ilẹ̀."

"Kó lọ mojú ilẹ̀ ná." Ó gba ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e lọ sílé. Títí ọdún fi yí po, kò gbé e padà wá.

Bàbá Risi pè mí sẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó máa lé mi lọ, àṣé ẹ̀rín ló ń rín.

"Gbọ́," ó ní. "Ohun tí bàbá ẹ kọ́ ẹ dáa. Èmi náà máa ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n níbí, tí àgbà bá ti ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹ ṣeun sà lo máa sọ. Tí wọ́n bá ti yíjú, kó o wá ti ọ̀pá ẹ bọ̀ ọ́. Ṣé o rí i? Iyì wọn wà lára wọn, ìwọ náà ò sì kú."

Mo rí i. Ètò tó dára ni, ó sì gbà wá fún ọdún kan àti àbọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a rí ìbọn tó kún láàárín àwọn tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú wọn. A fi ìwọ̀ irin fa àkísà tó dí i yọ, a da ọta àti ẹ̀tù jáde, a tún ìbọn náà ṣe, a dá a padà fún ẹni tó ni ín. A kò sọ fún wọn, kí ojú má baà tì wọ́n. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé àwọn mọ ohun tó wà nínú ìbọn àwọn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Abẹ́òkúta kì í ṣe àpáta, kì í sì í ṣe ariwo ọjà Láfẹ́nwá. Ìbéèrè kan ni. Ibi yòówù kí o dé, wọ́n á bi ọ́ pé, "Ọmọ agboolé wo ni ẹ́?" Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa fi ọ́ sí ni. Èmi kò sì níbì kankan tí wọ́n lè fi mí sí. Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni àwọn náà ń sọ, síbẹ̀ bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ará Faransé dé o." Èmi tí mo sá fún Faransé! Ó máa ń bí mi nínú, lẹ́yìn náà á tún pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo ilé á lọ sí mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn onígbàgbọ́ á wọ aṣọ iyì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan. Nígbà tí àwọn obìnrin ìlú ń kọrin tako owó-orí kiri ìgboro, Ìyá Risi fi ìkòkò aró sílẹ̀, ó lọ bá wọn. Èmi dúró sílé, nítorí ọlọ́pàá pọ̀ níta, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní orúkọ.

Ìyá Risi yìí náà ni ẹnu tí mo fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ó máa ń kó àdìrẹ lọ tà ní ọjà Mẹ̀kọ, nítòsí ààlà, àbúrò bàbá mi obìnrin kan sì máa ń ti Kétu wá ná ọjà náà. Bí Ìyá Risi bá ti dé, á sọ ẹrù kalẹ̀, á bu omi mu, á sì yí ohùn padà di ohùn bàbá mi, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò rí rí.

"Ó ní ṣé ò ń jẹun? Ó ní ṣé ara ẹ le? Ó ní ṣé ọ̀pá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó wà, mà."

Òótọ́ ni, ó wà. N kò sọ fún wọn pé ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ni mo ti ń lò ó.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra àlòkù irin ní Láfẹ́nwá. Ẹni tó ń ta á bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń bi mí. Kí n tó la ẹnu, ọdẹ kan tó dúró nítòsí dá a lóhùn: "Ọmọ àgbẹ̀dẹ Òwu nìyẹn. Òun ló tún ìbọn mi ṣe." Mo gbé irin náà lé orí, mo fi ẹsẹ̀ rìn padà dé Òwu, n kò mọ̀ pé ó wúwo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ fún Ìyá Risi kó tó lọ sí Mẹ̀kọ, kó má baà gbàgbé láti jíṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì, tíṣà kan láti agboolé tó kángun sí tiwa gbé ìbọn bàbá rẹ̀ wá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í kọjá láìkí wa. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló jẹ́ ọdẹ, láti ìgbà náà ni ìbọn ti wà lókè àjà ilé ìdáná, nínú èéfín. Tíṣà kò tilẹ̀ fẹ́ yìn ín. Ó fẹ́ kí a nù ún kó máa dán, kó lè gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ̀.

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀," ó ní, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun, sà."

Mo ń retí kó lọ. Kò lọ. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, kò níbi tó ń kánjú lọ. Bàbá Risi gbé àpótí ìjókòó fún un, ó gbé e sí ẹ̀bá ògiri níbi tí èéfín kì í dé, nítorí aṣọ funfun ló wọ̀. Tíṣà jókòó, ó yíjú sí mi.

"Wọ́n ní ará Kétu ni ẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé odi ìlú yín ṣì dúró?"

Láti ìgbà tí mo ti dé Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn yòókù ń bi mí níbi tí mo ti wá kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí bi mí kó lè mọ̀. Mo sọ ti odi fún un, mo sọ ti ibodè wa àti yàrà tó yí ìlú ká. Ó ń mi orí, ó ń bèèrè sí i. Inú mi ń dùn, ọwọ́ mi sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo yọ irin ìbọn kúrò lára igi rẹ̀. Ìpẹtà ti dí ihò rẹ̀ pa, ìdí rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí. Irú èyí, a gbọ́dọ̀ fi ìdí náà sínú iná kó tó gbà.

Mo wo ọ̀pá bàbá mi níbi tó dúró sí lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Mo wo Tíṣà. Mo dá ọgbọ́n kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá tó ni ín, ṣé wọ́n máa ń da ẹ̀tù inú ẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e kọ́?"

Kò bínú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ojú ẹni tó ti rò pé a ti di ọ̀rẹ́.

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa gbé ìbọn tó kún wá sáàárín ìgboro?"

"Ẹ má bínú, sà." Mo dọ̀bálẹ̀.

Òfin ọ̀gá mi kan tún wà. Bí ìdí ìbọn bá wà nínú iná, ara ògiri ni kí a kọ ẹnu rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni Tíṣà jókòó sí. A kì í kọ ẹnu ìbọn sí àlejò, ì báà jẹ́ òfìfo, n kò sì lè ní kó dìde. Mo kọ ọ́ sí ọ̀nà ìlẹ̀kùn, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo sì ń fẹ́ ẹwìrì. Bàbá Risi ti lọ sẹ́yìn ilé láti bu omi tútù wá fún àlejò wa.

Nígbà tí ìbọn náà ró, ìró rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe lè rò. Bàbá Risi ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó sì ti tẹrí ba díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń ṣe bó bá fẹ́ gbé omi fún ẹni iyì. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́ọ̀bù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o wọ̀n ọ́n?" ó bi mí.

"Rárá, sà."

Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ìyá Risi sáré dé, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Àmì ìka rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi wẹ òkú náà.

Mo ti rò ó wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀tù tí èéfín ilé ìdáná ń mú gbẹ fún ọdún mélòó kan kì í bàjẹ́. Ìyẹn ni ti ìbọn. Ní ti àwa ènìyàn, n kò fẹ́ dójú ti àlejò, n kò sì wọn ìbọn. N kò fẹ́ kọ ẹnu ìbọn sí àlejò, mo sì kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Risi kò fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ àlejò, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ká ní ọ̀kan nínú wa hùwà ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá Risi ì bá wà láàyè.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. N kò sí níbẹ̀, ọlọ́pàá ti mú mi lọ, ó sì ń dùn mí títí di òní. N kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Nínú àtìmọ́lé, ohun méjì ni mò ń rò, ọ̀gá mi àti ààlà Mẹ̀kọ. Ojú tì mí pé mò ń ro èkejì.

Níbi ìwádìí, òyìnbó kan jókòó, ògbufọ̀ kan, ọmọ Ẹ̀gbá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi mí ìdí tí n kò fi wọn ìbọn náà.

"Ẹni tó ni ín jókòó síbẹ̀, sà," mo ní.

Ògbufọ̀ sọ ọ́. Òyìnbó náà gbé orí sókè, ó tún bèèrè. Mo tún dáhùn bákan náà. Ògbufọ̀ tún un sọ, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ṣùgbọ́n òyìnbó náà rò pé ohun kan wà tí mò ń fi pa mọ́. Ògbufọ̀ ní tirẹ̀ ti lóye mi láti ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí i lójú rẹ̀.

Tíṣà ló gbà mí. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ó tún un sọ ní Yorùbá kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbọ́: "Èmi ni mo sọ fún un pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. N kò wò ó rí." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèṣì ni, wọ́n sì ní kí n máa lọ.

Agboolé kò fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà pè mí.

"N ò ní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tá a bá rí ẹ, ikú ẹ̀ la ó máa rí. Tá a bá ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, kó o máa lọ sílé ẹ."

"Sílé mi, sà?"

"Kétu. Àbí ibo tún ni ilé ẹ?"

Ìyókù ogójì ọjọ́ náà ni mo fi ń gbá àgbẹ̀dẹ tí kò sí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí ìròyìn láti ilé, nítorí Ìyá Risi ń ṣe opó, kò lè lọ sí Mẹ̀kọ. Inú mi tilẹ̀ dùn sí ìyẹn. Mo mọ ohun tí bàbá mi máa bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì àdúrà, mo di ẹrù mi. Bàbá Àgbà wá jókòó sí àgbàlá láti rí i pé mo lọ. Mo ń mú ọ̀pá mi kúrò lẹ́bàá ìlẹ̀kùn nígbà tí Ìyá Risi jáde láti inú yàrá rẹ̀ nínú aṣọ opó. Ó gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ dání, ó fi àdìrẹ wé e.

"Bá mi gbé e fún bàbá ẹ," ó ní. "Kí wọ́n mọ̀ pé o ní ọ̀gá. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi nù ún. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà tí mo wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ. Opó ọkùnrin tí mo pa ló dúró níwájú mi, ẹ̀bùn ló sì mú wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí mo dìde, n kò gba ìbọn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá mi di ìdí ẹ̀ mú."

"Kí lò ń ṣe?" Bàbá Àgbà ti dìde. "Òun náà lo tún ń pè ní òpùrọ́?"

Mo tú àdìrẹ náà, mo gbé ọ̀pá lé ara ìbọn, mo fi àtàǹpàkò dì í mú, mo tì í bọ inú rẹ̀. Ó dúró. Láàárín àtàǹpàkò mi àti ẹnu ìbọn, ìwọ̀n ìka mẹ́rin ló kù.

Ìyá Risi wò ó. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀dẹ, kò sí ohun tí mo ní láti ṣàlàyé fún un. Mo fi ìwọ̀ fa àkísà yọ. Ọta bọ́ sílẹ̀. Ó na ọwọ́, mo sì da ẹ̀tù náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbẹ dáadáa. Ọkùnrin tó ń wọn ìbọn gbogbo ènìyàn kò wọn tirẹ̀.

"Òkè orí wa ló ń gbé e kọ́," ó ní. "Abẹ́ ẹ̀ ni Risi ń sùn."

Bàbá Àgbà wo ẹ̀tù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde kúrò ní àgbàlá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù mi.

"Dúró ná," Ìyá Risi ní.

A dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bàbá Àgbà padà dé pẹ̀lú ìbọn tó gbà lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Òwu. Kò sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ara ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí rẹ̀ mú, ó sì wò mí.

"Wọ̀n ọ́n," ó ní.